Àwọn Pánù Tí A Kọ Nílà

Òrí ni ìyá mi dì fún mi nígbà tí mò ń lọ sí Ákírà. Àwọn tó ti ibẹ̀ bọ̀ ti sọ fún un pé afẹ́fẹ́ òkun ìlú náà a máa mú kí ara ènìyàn funfun bí ẹni tó yí nínú eérú, òun kò sì lè gbà kí ọmọ òun máa rìn káàkiri ìlú onílùú bí ẹni tí kò ní ìyá. Ó fi ewé wé òrí náà, ó fi àkísà ìró àdìrẹ rẹ̀ dì í, ó sì kì í sínú bàtà tuntun tí mo rà nítorí ìrìn-àjò yẹn. Oòrùn ọ̀nà kò bá a ṣeré. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fi bàtà náà tẹ ilẹ̀ Ákírà, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ń yọ̀, ẹsẹ̀ òsì ń rìn bí ọmọlúàbí. Bí mo ṣe wọ ìlú tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà náà nìyẹn.

Mo kó òrí tó kù sábẹ́ àpótí mi. Ojú ń tì mí. Mo ti pinnu pé n kò ní í run òórùn oko mọ́ láyé mi. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìdajì ìlú náà ló ń fi òrí para, pé nkuto ni wọ́n ń pè é, àti pé àwọn tó fẹ́ gbayì kàn ń rọ ọ́ sínú ìgò aláràbarà ni.

Ìlú ń múra àtigba òmìnira nígbà tí mo dé, kò sì sí ohun tí wọn kò kùn lọ́dà. Wọ́n kun ògiri, wọ́n kun afárá, wọ́n kun òkúta etí títì, wọ́n kun ìdí igi. Ní àdúgbò Alajo, mo rí ọkùnrin kan tó ń kun ilẹ̀kùn tí kò sí ilé lẹ́yìn rẹ̀. Mo bi í pé ilé dà. Ó ní ilé ń bọ̀, ìjọba tuntun yóò kọ́ ọ, òun kò kàn fẹ́ kí ó dé kó bá ilẹ̀kùn ní ìdọ̀tí.

Ilé Ìyá Ràbí ni mo dé sí. Àbúrò ìyá mi ni, ọmọ ìyá kan náà. Ó ti wà ní Ákírà kí wọ́n tó bí mi. Ó ta aṣọ títí àwọn ọ̀dọ́ fi gba ọjà mọ́ ọn lọ́wọ́, ọkọ rẹ̀ kú, Ràbí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sì lọ sílé ọkọ ní Kumasi. Ìjókòó ni iṣẹ́ tó kù fún un nígbà tí mo dé. Bó bá ti kírun àárọ̀ tán, yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà, yóò máa wo ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀. Bí mo bá kí i, yóò dáhùn bí ẹni tó wà lókèèrè. Ẹ̀rù máa ń bà mí. Mo rí i pé obìnrin náà ń parẹ́ lójú mi díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ni mo ní ní gbogbo ìlú náà.

Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbẹ̀ ń gbọ́ gbogbo ohun tí mo bá sọ, Gã ni wọ́n sì fi ń dá mi lóhùn. Alata ni wọ́n ń pe ẹni tó bá ti ilẹ̀ Yorùbá wá, ilà ojú mi sì ni eré wọn.

"Ei, Alata! Ta ló ha ọ́ lójú báyìí?"

"Ológbò ni," lèmi náà á dáhùn.

"Ológbò ńlá paa!"

Wọn á wá fi ìka kàn án, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ń pa rẹ́. Nílé, àbàjà yẹn ló ń sọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́ kí n tó la ẹnu. Ní Ákírà, ohun tó ń sọ kò ju pé n kì í ṣe ọmọ ibẹ̀ lọ, ó sì ń sọ ọ́ fún ẹni tí kò béèrè.

Mo rí iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń po ọ̀dà, nítorí pé mo ní ìwé ẹ̀rí girama, àti nítorí pé ní àkókò yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá ti lè pe orúkọ ọ̀dà, iṣẹ́ ti dé. Òyìnbó ni ọ̀gá wa, ọkùnrin gíga kan tí imú rẹ̀ máa ń bó nínú oòrùn lójoojúmọ́. Ẹni tí kò rí ohun tí yóò fi bo imú ara rẹ̀ ló ń ta ohun tí wọn yóò fi bo gbogbo orílẹ̀-èdè. Igbákejì rẹ̀ ni Mista Láátè, ọmọ Gã, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi tí aṣọ rẹ̀ kì í sì í hunjọ. Òun ló kọ́ mi ní iṣẹ́.

Pánù alumíníọ̀mù ni à ń yẹ̀ wò. Ìròyìn ti kàn pé kò ní í dógùn-ún bí irin, òun ni gbogbo ènìyàn sì fẹ́ fi ṣe fèrèsé àti òrùlé ìlú tuntun. Òótọ́ ni pé kì í pọ́n bí irin tó dógùn-ún. Ọ̀nà tirẹ̀ ló fi ń bàjẹ́, ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, bí ọ̀pọ̀ ẹni tó jẹ́ ẹni iyì.

Ní yàrá àyẹ̀wò, mo máa ń gé abala kékeré lára pánù, màá fi oje gbígbóná mú un dúró, màá fi pépà oníyanrìn dán an títí yóò fi di dígí, màá wá gbé e sábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wo inú rẹ̀, mo gbàgbé láti jẹun. Ohun tí ojú lásán rí bí nǹkan kan ṣoṣo, ìlú ni. Alumíníọ̀mù nìkan rọ̀ jù, nítorí náà wọ́n ń po bàbà mọ́ ọn, bàbà tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́, kó lè le. Ṣùgbọ́n bàbà náà kì í tàn kálẹ̀ tán. Èérún rẹ̀ máa ń kó ara jọ lójú kan, lójú kan, nínú ilẹ̀ funfun yẹn, gẹ́gẹ́ bí àwa Yorùbá náà ṣe kó ara jọ sí àdúgbò Mamobi àti Alajo.

Alumíníọ̀mù ní awọ tirẹ̀, awọ tín-ín-rín tí afẹ́fẹ́ ń hun fún un. Ọ̀dà ni agbádá tí a gbé wọ̀ ọ́ lórí awọ. Níwọ̀n ìgbà tí agbádá bá wà pérépéré, àlàáfíà ni. Bí ohun kan bá ha á pẹ́nrẹ́n, ìrì á kó iyọ̀ òkun gba ibẹ̀ wọlé, iyọ̀ á sì dá awọ yẹn lu. Níbi tí èérún bàbà bá wà, bàbà á dúró digbí. Alumíníọ̀mù tó yí i ká ni yóò máa yọ́. Ihò tí abẹ́rẹ́ kò lè wọ̀ á di kòtò, ẹbu funfun á kún inú rẹ̀, ẹbu á ti ọ̀dà sókè, ọ̀dà á lé ròrò. Nígbà mìíràn, ìbàjẹ́ náà á máa rìn lábẹ́ ọ̀dà bí ekòló, omi iyọ̀ ní orí rẹ̀, ẹbu gbígbẹ ní ìrù rẹ̀, ojú ọ̀dà á sì ṣì máa dán. Ẹni tó ń kọjá lọ á ní, ẹ wo bó ṣe rẹwà.

Mista Láátè tẹ ojú mọ́ awò náà lọ́jọ́ kan, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Chale, wá wò ó. Wo èyí tó jókòó yìí. Nǹkan kan kò ṣe é. Onílé tó gbà á lálejò ló ń tán lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Alata nìyí! Alata tó wà lọ́jà gan-an!"

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ yọ ọ́ kúrò, kí ẹ fi ìyókù ṣe òrùlé. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó ká a bí ẹní."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì gbá mi léjìká. Láti ọjọ́ náà ni a ti di ọ̀rẹ́, bí ẹni tó ń bú ni ṣe lè jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹni. Ṣùgbọ́n mo gbé ọ̀rọ̀ náà délé, kò sì jẹ́ kí n gbádùn kẹ́nkè tí mo rà jẹ. Ta ni ó ní kí bàbà wá? Ẹni tó fẹ́ kí pánù òun le ni. Ìgbà tí iyọ̀ òkun dé ni wọ́n wá rántí pé àlejò ni.

Mo lọ pe ìyá mi lórí fóònù ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ńlá. A ti ránṣẹ́ sí i tẹ́lẹ̀, ó sì ti wọkọ̀ láti Ẹdẹ lọ sí ti Òṣogbo, ó jókòó dè mí níbẹ̀ láti àárọ̀. Àwọn ènìyàn tò sẹ́yìn mi.

"Ṣé ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni, Màmá. Ẹ kú ìrìn."

"Pariwo! Ṣé o rò pé Ẹdẹ lo wà ni? Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

"Mò ń wo ọ̀dà, mà."

"Ò ń kùn ún?"

"Rárá, mà. Mò ń wò ó ni. Bóyá yóò bàjẹ́."

"Wọ́n sì ń sanwó fún ọ?"

"Wọ́n ń san án, mà."

"Háà. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ojú wọn là. Òrí yẹn ńkọ́? Ṣé ò ń fi í para?"

Ohùn rẹ̀ jáde nínú fóònù náà, ó kún yàrá. Baba àgbà kan tó jẹ́ ọmọ Yorùbá, tó tò sẹ́yìn mi, gún mi ní ìgúnpá. "Dá ìyá rẹ lóhùn, jàre."

"Mò ń fi í para, mà," ni mo pariwo.

Irọ́ ni. Nígbà tí mo jáde, mo dúró sẹ́yìn igi kan, mo sunkún. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ìdí igi náà ni, n kò mọ̀, mo sì gbé ọ̀dà òmìnira délé ní ìdí ṣòkòtò.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọ̀gá po ọ̀dà tuntun kan tó ní yóò ṣẹ́gun òkun. Ó sọ ọ́ ní Òmìnira, nítorí pé ó mọ ọjà tó ń tà. A kun pánù pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, a kó wọn lọ sétí òkun, a tò wọ́n sórí àtẹ onígi kí ìrì, iyọ̀ àti oòrùn lè máa lù wọ́n. Ṣùgbọ́n kí a tó gbé wọn síta, èmi ni mo máa ń fi abẹ fa ìlà méjì tó dábùú ara wọn sí ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí funfun pánù á fi hàn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, kí omi lè rí ọ̀nà wọlé, kí a lè mọ ohun tí ọ̀dà yóò ṣe lọ́jọ́ tí nǹkan bá ha á.

"Ẹ wá wo Alata o," ni Mista Láátè ń pariwo. "Wọ́n kọ ọ́ nílà tán, ó wá ń kọ pánù wa nílà!"

Kò parọ́. Olóòlà ni mí. Ọwọ́ mi yẹ̀ lórí pánù kan tó kéré jù, tó wà ní ìpẹ̀kun lápá òkun, mo gé e jinlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, àfi bíi pé mo gbọ́ tó ké.

Ìṣòro wá ni pé àwọn obìnrin tó ń ta ẹja rí àtẹ tó dára, tó kọjú sí oòrùn, wọ́n sì sá ẹja sí i. Ewúrẹ́ pẹ̀lú ń wá lá iyọ̀ ojú pánù. Ọ̀gá ní kí a wá ẹni tí yóò máa ṣọ́ ibẹ̀. Mo dárúkọ Ìyá Ràbí. Mista Láátè lọ bá a sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ní Gã, ó sì padà wá sọ pé obìnrin náà gbọ́ Gã ju ìyàwó òun lọ.

Àfi bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Ìyá Ràbí ti ń kọrin nídìí ààrò. Ó ń jí ṣáájú mi, ó ń wọ ìró tó mọ́, ó ń lọ síbi iṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń retí. Lálẹ́, bí a bá ń jẹun, ọ̀rọ̀ pánù ni. "Afẹ́fẹ́ le mọ́ wọn lónìí o." "Èyí tó wà ní ìpẹ̀kun yẹn, ara rẹ̀ kò yá koraa." Mo rò pé eré ló ń ṣe. Inú mi dùn pé ó ń bá mi sọ̀rọ̀.

Àwọn pánù náà kọ̀, wọn kò bàjẹ́. Òjò lọ, ọyẹ́ dé, ọyẹ́ lọ. Kò sí ìléròrò, kò sí ekòló, kò sí ẹbu. Wọ́n ń dán ju ìgbà tí a gbé wọn síta lọ, ìyẹn gan-an ló sì yẹ kó fu ẹnì kan lára. Ṣùgbọ́n ta ni í bi ìròyìn ayọ̀ léèrè orírun rẹ̀? Ọ̀gá jó nínú ọ́fíìsì. Ọ̀kan nínú àwọn ẹni ńlá ìjọba gbọ́, ó sì wá wò ó pẹ̀lú èrò rẹpẹtẹ lẹ́yìn. Ó na ọwọ́ jáde nínú aṣọ kente, ó fi pa pánù kan.

"Ẹ wo bó ṣe ń yọ̀!" ló wí. "Báyìí gan-an la fẹ́ kí orílẹ̀-èdè yìí rí."

Ó nu ọwọ́ sára kente rẹ̀, ibẹ̀ sì tutù rinrin bí ìgbà tí òróró bá kán sáṣọ. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Lọ́jọ́ náà ni wọ́n fọwọ́ sí i pé Òmìnira ni wọn yóò fi kun gbogbo fèrèsé alumíníọ̀mù ilé ìjọba tuntun kan tó kọjú sí òkun.

Ọ̀gá ní kí n gé abala kan wá sábẹ́ awò, kí a lè ya àwòrán rẹ̀ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ lókè òkun. Mo gé e. Mo da oje gbígbóná sí i lára kó lè dúró. Òórùn kan bá gòkè wá láti ara rẹ̀, ó bá mi nímú, mo sì wà nílé. Mo wà lórí ẹní nínú yàrá ìyá mi, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó ń bá mi wí pé kí n dúró jẹ́ẹ́. Omi ti ń bọ́ lójú mi kí n tó bi ara mi léèrè ohun tó fà á.

"Kí ló ń jó?" ni Mista Láátè béèrè láti yàrá kejì.

"Kò sí nǹkan, ọ̀gá."

Mo wo inú awò. Nínú ojú ilà tí mo fi abẹ là, níbi tó yẹ kí iyọ̀ ti ń jẹ onílé lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlejò, ohun kan dì síbẹ̀ jẹ́jẹ́. Bàbà wà láyè rẹ̀, alumíníọ̀mù wà láyè rẹ̀, wọn kò bá ara wọn jà rárá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tẹ̀ lé Ìyá Ràbí lọ sétí òkun. Mo bá a lórí àpótí ìjókòó kékeré, garawa omi tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, igbá òrí lórí itan rẹ̀. Ó ń fọ àwọn pánù náà lójú bí ẹni ń wẹ ọmọ tó ń lọ sílé kéú. Bó bá nu ọ̀kan gbẹ tán, á fi ìka bu òrí, á tẹ̀ ẹ́ sínú ilà rẹ̀, á wá fi àtẹ́lẹwọ́ pa gbogbo ara rẹ̀.

"Ìyá Ràbí, kí lẹ ń ṣe?"

"O ò rí i ni? Mò ń tọ́jú wọn."

"Ta ló ní kí ẹ fi òrí pa wọ́n?"

"Ta ló ní kí n má fi pa wọ́n? Ẹni tó kọ wọ́n nílà kọ wọ́n tán, ó gbé wọn sínú afẹ́fẹ́ iyọ̀, kò fi nǹkan kan sójú egbò. Gbogbo ara wọn ti ń funfun nígbà tí mo dé ibí. Walahi, wọ́n ṣe mí láàánú. Olóòlà wo ló ya ìkà tó báyìí?"

"Èmi ni olóòlà náà, mà."

Ó gbójú sókè wò mí, ó wò mí pẹ́. "Ìwọ? Pẹ̀lú ojú rẹ yìí? Wọ́n ní ìyá rẹ kò sùn títí àbàjà rẹ fi jinná. Ìyẹn ni o kò rí kọ́ lára rẹ̀?"

Mo jókòó nínú iyanrìn, mo ṣàlàyé. Mo ní a gbé wọn síbẹ̀ kí wọ́n lè bàjẹ́ ni. Ó ní kí n tún un wí. Mo tún un wí.

"Ẹ kó wọn wá síbi tí wọn kò mọ ẹnì kankan," ló wí, "ẹ dá egbò sí wọn lójú, ẹ wá ń wò wọ́n kí ẹ lè mọ bí wọn yóò ṣe tán?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó dáa." Ó bo igbá òrí rẹ̀. "Mo mọ irú àyẹ̀wò yẹn. Inú rẹ̀ ni mo ti wà láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, kò sì sí ẹni tó fi òrí kankan pa mí."

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Mo sọ fún ọ̀gá nítorí pé wọn kò tíì kun fèrèsé tó pọ̀, mo sì rò pé wọ́n lè dúró. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ pọ́n, tí gbogbo rẹ̀ wá bá imú rẹ̀ dọ́gba.

"Lé obìnrin náà lọ lónìí!"

Mista Láátè wú ikọ́. "Sà, kí la fẹ́ wí pé ó ṣe? Bí a bá ní ó fi òrí pa pánù, ẹni ńlá tó wá fọwọ́ pa á ńkọ́? Ara kente rẹ̀ ni òrí yẹn wà títí di òní."

Ọ̀gá jókòó. Wọ́n rò ó, wọ́n tún un rò. Ní ìparí, wọn kò dá ọ̀dà fèrèsé dúró, nítorí pé ọ̀dà tí ẹni ńlá ti yìn kò lè ṣàìdára. Wọ́n ní kí a rọra gbé pánù tó kù wálé, kí a nù wọ́n mọ́, kí a tún wọn kùn, kí a kọ wọ́n nílà padà, kí a sì dá wọn padà sétí òkun láìpariwo. Wọ́n ní Ìyá Ràbí lè máa bá iṣẹ́ lọ kó má baà lọ rojọ́ kiri, ṣùgbọ́n bí òrí bá tún kan pánù kan ṣoṣo, ó ti lọ nìyẹn. Èmi ni wọ́n ní kí n rí sí i.

Mo lọ sọ fún un. Ó gbọ́. Láti ọjọ́ náà, ó ń kẹ́yìn sí àtẹ, ó ń kọjú sí òkun, ó ń lé ewúrẹ́ láìwo pánù. Orin tán nídìí ààrò. Mo kí i, ó sì tún ń dáhùn láti òkèèrè.

Mo pe ìyá mi, mo ro ẹjọ́ àbúrò rẹ̀ fún un. Mo rò pé yóò gbè mí.

"Ẹ kọ wọ́n nílà, ẹ kò fi òrí sí i?" ló pariwo láti Òṣogbo.

"Pánù ni, Màmá!"

"Ta ló bi ọ́ pé kí ni? Mo ní, ẹ kò fi òrí sí i?"

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Gbogbo ẹni tó tò sẹ́yìn mi ló ń wò mí bí ẹni tó lu ìyá rẹ̀.

Àwọn pánù náà bàjẹ́ wàyí, wọ́n bàjẹ́ kánmọ́kánmọ́. Ekòló gba ojú ilà wọlé, ó rìn lọ sábẹ́ ọ̀dà. Mo gé wọn, mo wò wọ́n: kòtò yí èérún bàbà kọ̀ọ̀kan ká, funfun, jàgajàga. Fèrèsé ilé ìjọba náà kò sì gbẹ́yìn. Ìdí ìṣó ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ń tàn lọ sókè. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní ìgbẹ́ ẹyẹ ni, wọ́n sì gba ọkùnrin kan síṣẹ́ tí yóò máa fi òkúta lé ẹyẹ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀gá wá sétí òkun fúnra rẹ̀, èmi àti Mista Láátè tẹ̀ lé e. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ń wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù. Ó ń wo pánù lọ, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìyá Ràbí dìde, ó fọwọ́ sẹ́yìn. "Obìnrin yìí," ni ọ̀gá ń wí bọ̀, "láti ìgbà tí obìnrin yìí ti dé," ó bá dé ìpẹ̀kun àtẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Pánù kékeré yẹn, èyí tí mo gé jinlẹ̀ jù, ń dán gbinrin.

Mista Láátè tẹ̀ síwájú, ó fi ìka kan pa ojú ilà náà, ó gbé e súnmọ́ imú. Ó wo Ìyá Ràbí. Ìyá Ràbí ń wo òkun. Ó wá wo èmi, ó sì wo àbàjà ojú mi, àfi bíi pé kò rí i rí. Ó ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó nu ìka náà síbẹ̀, nínú ṣòkòtò funfun tí kì í hunjọ.

"Sà," ló wí, "ó ní láti jẹ́ pé inú àpòpọ̀ ọ̀dà mìíràn lèyí ti wá."

Ọ̀gá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a mọ́ra. Ó ní òun ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀! Ó ní aṣiṣe kan tó yọrí sí rere ti ṣẹlẹ̀ nínú àpòpọ̀ yẹn, pé kí a gbé pánù náà lọ sí ìlú òyìnbó kíákíá kí àwọn àgbà onímọ̀ lè wá a rí. Ó wá kọjú sí wa, ó ní nǹkan kankan kò gbọdọ̀ yí padà ní etí òkun yìí títí èsì yóò fi dé: ì báà jẹ́ àtẹ, ì báà jẹ́ iyanrìn, ì báà jẹ́ obìnrin yìí.

Bí Ìyá Ràbí ṣe di ẹni tí wọn kò lè lé nìyẹn.

Nígbà tí a délé, mo ń kan àpótí kékeré tí a ó fi gbé pánù náà lọ. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ṣé òtútù wà níbi tó ń lọ?"

"Ó wà, mà. Ó pọ̀ paa."

"Ta ló mọ̀ níbẹ̀?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe. "Kò mọ ẹnì kankan, mà."

Ó wọlé lọ. Nígbà tó jáde, ó mú ìdì kékeré kan dání, ó nà án sí mi. Mo mọ àkísà tó fi dì í. Ìró àdìrẹ ìyá mi ni. Òrí abẹ́ àpótí mi ló ti ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀, èyí sì ni ó ṣẹ́kù.

"Fi í sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀," ló wí. "Bí wọn kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó, ìyẹn di ọwọ́ wọn."

Mo tú ìdì náà, mo bu òrí díẹ̀, mo fi ewé wé e, mo kì í sí igun àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ pánù náà, mo sì kan ìdérí rẹ̀ pa. Díẹ̀ kù sí mi lọ́wọ́. Mo fi pa ojú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa sínú ilà, mo sì gbé àpótí náà gba àárín ìlú lọ sí èbúté.